Ẹ Họ Páìpù Yín Wò: Bí A Ṣe Ń Mọ Páìpù Òjé Nínú Ilé, àti Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀

Òjé (lead) kì í yí àwọ̀ omi padà. A kò lè gbóòórùn rẹ̀, ahọ́n kò sì lè mọ̀ ọ́n. Omi tó mọ́ lóló nínú ife lè máa gbé e wọ inú ọmọ lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó fura. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bà jẹ́ jù. Ó máa ń sápamọ́ sínú egungun, ó sì máa ń ti ara aboyún kọjá sí oyún inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ojú wo omi kí ẹ sọ pé kò séwu. Páìpù ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ẹ lọ síbi tí páìpù ti wọlé láti ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà tàbí ibi tí ẹ ti ń ti omi pa. Ẹ nu ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi etí owó onírin (kọ́ìnì) họ ọ́ díẹ̀. Ẹ má fi ọ̀bẹ ṣe é, torí òjé rọ̀ púpọ̀. Bó bá jẹ́ òjé, ara rẹ̀ á rí bí eérú, ṣùgbọ́n ojú ibi tí ẹ họ á máa dán bíi fàdákà. Òòfà kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tó ti so mọ́ páìpù mìíràn, ó sábà máa ń wú bí àlùbọ́sà. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Bí ojú ibi tí ẹ họ bá pọ́n, bàbà ni. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà.

Ẹni tó rí irin, kó má tíì fọkàn balẹ̀. Bí omi bá ti gba inú páìpù òjé kọjá rí kó tó dé inú irin yẹn, ìpẹtà inú irin á ti gba òjé mọ́ra, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbà àtijọ́ náà lè ní òjé ní oríkèé tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ibi àyẹ̀wò omi nìkan ló lè fìdí èyí múlẹ̀: omi àkọ́fà, tó ti dúró nínú páìpù fún wákàtí 6 ó kéré tán, ni kí ẹ gbé lọ. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ni máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan, àmọ́ kò sí ìwọ̀n kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ọmọdé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má se omi náà láti fi wẹ òjé kúrò. Omi ló ń gbẹ, òjé kì í gbẹ. Omi tútù nìkan ni kí ẹ máa fi dáná, kí ẹ sì máa fi po wàrà ọmọ ọwọ́, nítorí omi gbígbóná láti ẹ̀rọ máa ń yọ́ òjé púpọ̀ sí i. Bí omi bá ti sùn sínú páìpù, ẹ jẹ́ kó ṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó bu mímu. Ẹ lè fi èyí tó ṣàn fọṣọ. Asẹ́ omi tí wọ́n jẹ́rìí sí fún òjé ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bí ẹ bá ń pààrọ̀ inú rẹ̀ lásìkò. Ìwẹ̀ kò léwu.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, ìdádúró lásán ni. Ní Flint, ní Michigan ní Amẹ́ríkà, páìpù òjé ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2014 wọ́n yí orísun omi padà láìfi oògùn tó ń dáàbò bo inú páìpù sí i. Omi náà jẹ èèpá tó bo òjé inú páìpù, òjé sì wọ ẹ̀rọ omi inú ilé.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, láti títì títí wọlé. Gígé ìdajì máa ń gbo èèpá náà dà sínú omi. Bí wọ́n bá sì so bàbà tuntun mọ́ òjé àtijọ́, òjé á máa yọ́ kíákíá. Bí apá ti ìta bá jẹ́ ti iléeṣẹ́ omi, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ méjèèjì lè bọ́ sọ́jọ́ kan. Ẹ bi oníṣẹ́ iná bóyá wáyà ilẹ̀ (èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) so mọ́ páìpù àtijọ́, torí bí páìpù tuntun bá jẹ́ ike, ike kì í gbé iná.

Níparí iṣẹ́, ẹ yọ asẹ́ kékeré ẹnu ẹ̀rọ, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi tútù fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ fọ asẹ́ náà kí ẹ tó dá a padà: ibẹ̀ ni ẹ̀rún òjé máa ń há sí. Ẹ ṣì máa lo asẹ́ omi fún oṣù 6, kí ẹ sì tún gbé omi lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó dá a dúró.