Bẹ́ ẹ ṣe máa to ẹrù sí búùtù láti Bódìjà wá sí Èkó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ ra oúnjẹ lọ́jà Bódìjà n'Íbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ káwọn alábàárù kàn máa ju ẹrù sí búùtù yín. Tẹ́ ẹ bá tẹ búrékì lójijì, mọ́tò lè dúró o, ẹrù ò ní dúró, iwájú ló ń lọ, ẹ̀yìn àga táwọn ọmọ jókòó lé ló sì máa gbá. Tẹ́ ẹ bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, agbára tó máa fi gbá a tó ìlọ́po 4 ti 50.

Kẹ́ ẹ tó kó nǹkan kan wọlé, ẹ gbé jáàkì, sípánà táyà àti C-caution kúrò ní búùtù, ẹ kó wọn sábẹ́ àga iwájú, kẹ́ ẹ sì fi géèjì wo atẹ́gùn inú àwọn táyà, títí kan ẹ́sítírà náà. Iye tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn dírébà. Táyà wa jò rí lẹ́bàá Ṣágámù lálẹ́, gbogbo gààrí àti iṣu la kó sílẹ̀ nínú òkùnkùn ká tó rí jáàkì yọ, ọkàn mi ò balẹ̀ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Àpò gààrí, ìrẹsì, ẹ̀wà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń gbé, kí wọ́n fara ti ẹ̀yìn àga gbọnin. Tó bá jẹ́ ẹnu búùtù lẹ kó wọn sí, ìdí mọ́tò á wolẹ̀, imú ẹ̀ á gbé sókè, sítíàrìn á wá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, iná yín á sì máa tàn sójú àwọn tó ń bọ̀. Ẹ to iṣu ní ìbú, ẹ fi àkísà dí gbogbo àlàfo.

Epo pupa ló máa ń ba ti èèyàn jẹ́ jù. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ ọ́ kún dẹ́nu, ẹ fi náílọ́ọ̀nù sábẹ́ ìdérí kẹ́ ẹ tó dé e pa, ẹ gbé e sínú báàfù, kó dúró ṣánṣán láàrin àpò gààrí àti ẹ̀gbẹ́ búùtù, tórí tó bá dà sí kápẹ́ẹ̀tì, òórùn ẹ̀ ò ní tán bọ̀rọ̀. Ata àti tòmátò ló ń gbẹ̀yìn, lórí. Ẹyin, ilẹ̀ ẹ̀yìn àga iwájú ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ẹ má gbé nǹkan kan, ì báà jẹ́ ike omi, sórí pátákó abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù, rárá.

Tó bá jẹ́ Sienna, kò sí ògiri láàrin ẹrù àtèèyàn, torí náà ẹ má to ẹrù ga ju orí àga lọ, ẹ fi okùn gidi dè é mọ́ àwọn irin tó wà nílẹ̀, torí rọ́bà ọlọ́kadà máa ń fà, kẹ́ ẹ sì de bẹ́líìtì àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí, ó máa ń ran ẹ̀yìn àga náà lọ́wọ́ tẹ́rù bá tì í.

Tẹ́ ẹ bá dé Tóògéètì Ìbàdàn, kẹ́ ẹ tó máa sáré lọ, ẹ páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ṣí búùtù, ẹ fa okùn wò, èyí tó bá ti dẹ̀ ẹ tún un dè.