Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó iyùn àkọ́kọ́ sínú taǹkì kékeré, ẹ má ṣe bí mo ṣe ṣe o

Iyùn tí ìyàwó máa ń so mọ́rùn, egungun lásán nìyẹn, àmọ́ coral tẹ́ ẹ fẹ́ kó sínú taǹkì yìí, ẹranko alààyè ni, ó ń jẹun, ó sì lè kú mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ méjì. Ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ po omi iyọ̀ lánàá, lónìí ó ti ń pe oníṣòwò l'Ékòó pé kó fi iyùn ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí omi náà gbó ná jàre! Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí bakitéríà tó ń jẹ amóníà, májèlé tó ń ti ìdọ̀tí inú omi jáde, tó pọ̀ tó, tí tẹ́ẹ̀sì ò bá tíì fi amóníà àti nitrite, májèlé kejì tí amóníà ń dà, hàn sí 0, ẹ ṣì dúró. Ẹ má sì lo iyọ̀ ọbẹ̀, iyọ̀ taǹkì òkun lẹ máa rà.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Oṣù kẹta ni, ẹ mọ bí ooru Àkúrẹ́ ṣe máa ń rí nígbà yẹn, omi taǹkì lítà 60 mi ní Alágbàká ń relẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni pé ẹnì kan ń mu ún lóru, èmi ọ̀gá wá ń po omi iyọ̀ kún un, mo rò pé mò ń ṣe dáadáa. Mi ò rò ó pé omi nìkan ni ooru ń gbé lọ, iyọ̀ ò kúrò níbẹ̀, mo tún wá ń bu òmíì lé e. Ìgbà tí mo fi rí refractometer, ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi, yá, ó ti di 1.031, gbogbo zoa mi, irú iyùn kéékèèké kan, ti panu dé bí ẹni tí wọ́n bú. 1.025 sí 1.026 ló yẹ kó jẹ́. Omi tí kò níyọ̀ lẹ máa fi dí èyí tó gbẹ, omi RO, ìyẹn omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ gan-an, kì í ṣe ti bọ̀hóòlù tẹ́ ẹ ò mọ irin tó wà nínú ẹ̀, torí kọ́pà díẹ̀ péré ti tó láti pa iyùn. Ẹ lẹ téèpù mọ́ gíláàsì, kẹ́ ẹ fi báírò fàlà síbi tí omi yẹ kó dé.

Nẹ́pà ńkọ́? Tí wọ́n bá múná lọ, pọ́ǹpù dúró nìyẹn, omi á gbóná, tó bá sì ti ń lọ sí 30°C, iyùn á tú ewéko kékeré tó ń bọ́ ọ jáde, á wá funfun. Ẹ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì kẹ́ ẹ tó ra iyùn kankan.

Iyùn tí wọ́n ń pè ní Acropora ń dán lójú fóònù, mo mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Iyùn mushroom (kì í ṣe olú tí à ń jẹ o) tàbí zoa ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nísàlẹ̀ taǹkì, níbi tí iná ò ti le jù. Tó bá ti Èkó dé, ẹ má da omi inú ọ̀rá ẹ̀ sínú taǹkì.

Àmọ́ zoa náà o, àwọn kan nínú wọn ní májèlé palytoxin. Ẹ wọ gílọ́ọ̀fù àti awò ojú kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má sì gbé òkúta tó hù sí lára sórí sítóòfù pé ẹ fẹ́ sè é kó lè mọ́, torí èéfín omi yẹn lè dá gbogbo ará ilé dùbúlẹ̀.