Bí mo ṣe mú kí láptọ́ọ̀pù Àǹtí mi tan láti orí háàdì USB, l'Ẹ̀pẹ́ níbí

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni tó gbà kí wọ́n fọ́máàtì láptọ́ọ̀pù òun, kó kọ́kọ́ ka eléyìí ná.

Àǹtí mi ń ta ẹja yíyan lọ́jà Olúwo, àrọ̀, òbòkún, epìyà, ó ń tà á fáwọn tó ń wá kó ọjà láti Ìjẹ̀bú-Òde àti láti Èkó, àwọn míì á san díẹ̀ wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ wá san ìyókù, gbogbo orúkọ wọn àti iye tó kù lọ́rùn wọn, inú Excel ló wà, lórí Dell Latitude kan tí wọ́n rà ní UK-used. Windows ò wá wọlé mọ́. Ó kàn ń yí róbótó lójú síkírìnì ṣáá, tó bá yí títí, á tún rísítáàtì ara ẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ìyẹn ní kò sí nǹkan míì tóun lè ṣe sí i ju kóun fọ́máàtì ẹ̀ lọ. Àǹtí mi pè mí, wọ́n ní, "Àbúrò mi, owó tí mo fi sọ́wọ́ àwọn èèyàn ńkọ́? Ta ló máa gbà pé òun jẹ mí lówó bí n ò bá rí ìwé fi hàn án?"

Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Pé Windows ò wọlé ò ní kí fáìlì ti lọ, fáìlì lè wà níbẹ̀ kó dáa. Téèyàn bá ti lè fi nǹkan míì yàtọ̀ sí Windows tan kọ̀ǹpútà yẹn, ó lè wọlé lọ kó ẹrù ẹ̀ jáde. Mo sì ní háàdì USB kan tí mo ti kó Linux Mint sí, ìyẹn ètò míì tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows, ó máa ń tan tààrà látorí háàdì yẹn láì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú kọ̀ǹpútà.

Mo ki háàdì yẹn bọ Dell, mo tàn án, mo ń tẹ F12 bó ṣe ń gbé àmì Dell wá, ibi téèyàn ti máa yan nǹkan tó fẹ́ fi tan kọ̀ǹpútà yọ, àmọ́ Windows Boot Manager nìkan ló wà níbẹ̀. Háàdì mi ò sí ńbẹ̀ rárá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo nǹkan inú BIOS (ètò inú kọ̀ǹpútà tó máa ń kọ́kọ́ jí kí Windows tó wọlé) nìyí, èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń ṣàìsàn nínú àwọn méjèèjì, ṣé háàdì ni àbí kọ̀ǹpútà, èèyàn ò kì í fún aláboyún lóògùn torí pé ọkọ ẹ̀ ń wúkọ́.

Mo gbé etí sún mọ́ háàdì. Iná ara ẹ̀ ń tàn ó ń kú, ó sì ń dún ká, ká, ká, á sinmi, á tún dún. Ohùn yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa o, ó lè jẹ́ pé iná ni ò tó o. Háàdì tó ní irin tó ń yí nínú nílò agbára kó tó lè yí débi tó yẹ, pọ́ọ̀tù USB 2.0 sì rèé, ìwọ̀n iná 500 mA ló yẹ kó gbé jáde, USB 3.0 ń gbé 900 mA. Wọ́n tún wá fi hub kékeré kan (ohun tó ń sọ pọ́ọ̀tù kan di púpọ̀) sáàárín tí máúsì àti dóńgù íntánẹ́ẹ̀tì náà ti ń mu nínú ẹ̀. Mo yọ hub, mo mú kéébù kúkurú míì, mo ki háàdì tààrà bọ pọ́ọ̀tù tí wọ́n kọ SS sí lára, USB 3.0 nìyẹn. Ohùn ká ká yẹn dáwọ́ dúró, ó ń yí geere. Mo tún tẹ F12. Kò sí níbẹ̀ síbẹ̀.

Mo wá gbé háàdì yẹn lọ sórí HP àtijọ́ kan tó wà nílé, ti HP, F9 lẹ máa tẹ̀. Ó tan! Linux Mint wọlé wẹ́rẹ́. Háàdì ò ṣàìsàn nìyẹn, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀, torí HP yẹn ti pẹ́, BIOS ayé àtijọ́ ló ń lò, Dell sì ń lo UEFI, èyí tuntun tó rọ́pò ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn ṣì ń pè é ní BIOS. BIOS àtijọ́, ibi àkọ́kọ́ pátápátá lórí dísìkì ló máa ń lọ kà, 512 bytes péré, ohun tó bá bá níbẹ̀ ló máa tẹ̀ lé. UEFI ò wo ibẹ̀. Fódà kan ló máa ń wá, tó ń jẹ́ EFI, inú ẹ̀ ni BOOT wà, inú BOOT ni fáìlì BOOTX64.EFI wà, tí ò bá ti rí ìyẹn, lójú tiẹ̀ kò sẹ́ni tó wá. Mo ṣí háàdì mi lórí Windows kan, mo wò ó, kò sí fódà EFI kankan níbẹ̀, torí HP yẹn ni mo dìídì ṣe é fún látilẹ̀.

Ẹ máa rí àwọn tó máa ní kẹ́ ẹ kàn lọ tan Legacy nínú Dell, ìyẹn kó máa ṣe bíi BIOS àtijọ́, ó parí. Kò wù mí. Ọ̀nà UEFI ni wọ́n gbà fi Windows Àǹtí mi sínú ẹ̀, téèyàn bá yí i sí Legacy tó wá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, Windows tó ṣì lè jí ò ní jí mọ́, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun ò sì tiẹ̀ ní Legacy mọ́. Háàdì ni mo tún ṣe.

Rufus ni mo lò, ètò orí Windows tó ń kó Linux sórí USB kó lè tan kọ̀ǹpútà. Tẹ́ ẹ bá ṣí Rufus tẹ́ ò rí háàdì yín, ẹ má bẹ̀rù, fíláàṣì nìkan ló máa ń fi hàn kéèyàn má baà ṣèèṣì nu háàdì tó kó ẹrù sí, ẹ ṣí advanced drive properties, ẹ máàkì List USB Hard Drives, á yọ. Kẹ́ ẹ sì ti kó gbogbo nǹkan tó wà lórí ẹ̀ kúrò o, torí ó máa nu ún pátá. Mo mú GPT (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín dísìkì fún UEFI), fúnra ẹ̀ ló gbé UEFI (non CSM) wá, mo mú FAT32 (ọ̀nà ìtọ́jú fáìlì tí UEFI lè kà). FAT32 ò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB, àmọ́ Mint ò ní fáìlì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ nínú, ti Windows ló máa ń fa wàhálà níbẹ̀.

Mo padà sórí Dell, mo tẹ F2 wọ BIOS, nígbà tí mo dé USB Configuration mo rí i pé wọn ò máàkì Enable USB Boot Support. Kọ̀ǹpútà tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rí nìyẹn, àwọn iléeṣẹ́ máa ń pa á kí òṣìṣẹ́ má baà fi fíláàṣì tan kọ̀ǹpútà wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn ò fi password dí BIOS pa. Mo máàkì ẹ̀, mo ṣe Apply.

Secure Boot, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tí kì í jẹ́ kí ohun tí ò ní àmì ìfọwọ́sí tan kọ̀ǹpútà, mi ò pa á. Mo mọ̀ pé gbogbo ayé ló máa ń sọ pé kẹ́ ẹ pa á, àmọ́ Linux Mint tuntun ní àmì ìfọwọ́sí tí Secure Boot gbà, kò sídìí tí màá fi pa á. Tí BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, bá sì wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn, téèyàn bá yí Secure Boot, Windows lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè recovery key, nọ́ńbà 48 ni o, ẹni tí ò bá sì mọ ibi tó tọ́jú ẹ̀ sí, wàhálà dé nìyẹn.

F12. Háàdì mi yọ, wọ́n kọ UEFI síwájú orúkọ ẹ̀. Mo tẹ Enter, Mint wọlé.

Bátìrì láptọ́ọ̀pù yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ gbé iná mọ́, mo ní kí wọ́n tan jẹ́nẹ́rétọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì, mi ò fẹ́ kí iná lọ láàárín. Mint ṣí dísìkì Windows, àmọ́ ó ní kíkà nìkan lòun máa gbà, òun ò ní jẹ́ kí n kọ nǹkan kan sí i, torí Windows ò pa ara ẹ̀ dé dáadáa. Ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́, àbí kíkó náà kọ́ ni mo wá ṣe? Mo kó fódà Documents àti Desktop sórí fíláàṣì, mo ṣí Excel yẹn níbẹ̀ kí n tó yọ ọ́, orúkọ wọn pé pérépéré.

Mo wá ṣí Disks tó wà nínú Mint, mo wo ìlera dísìkì inú Dell, ó ní bad sectors, ìyẹn ibi tó ti bàjẹ́, ti pọ̀ lórí ẹ̀. Ohun tó pa Windows gan-an nìyẹn. Ká ní wọ́n ti fọ́máàtì ẹ̀ ni, ìwé gbèsè á lọ, Windows tuntun tí wọ́n bá fi sí i náà á tún kú lórí dísìkì tó ń kú lọ yẹn. SSD la rà sí i, dísìkì tí ò ní irin tó ń yí nínú. Mo fi Windows sórí ẹ̀, mo dá fáìlì padà, mo fi ẹ̀dà kan sórí Google Drive, Àǹtí mi sì lè ṣí i lórí fóònù wọn lọ́jà báyìí.