Waya Tín-ín-rín Ló Ná Mi Lówó Tó Báyìí

Owó tí mo san fún ẹni tó ní òun máa tún ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ àwo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí mo fi ra àwo náà gan-an, kò sì tún nǹkan kan ṣe. Inú ṣì ń bí mi.

Da Lama ao Caos ni àwo ọ̀hún, àkọ́kọ́ tí akọrin Chico Science àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Nação Zumbi, àwọn ọmọ Recife ní Brazil, gbé jáde ní 1994. São Paulo níbí ni mo ti rí àlòkù rẹ̀ rà. Àwo méjì péré ni Chico bá wọn ṣe kó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1997, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó o sínú kọ̀ǹpútà. Fífọ àwo àti síso ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà ò le rárá.

Kíkùn ló dá mi dúró. Bí mo bá ti gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, ohun kan á máa kùn yunmu lábẹ́ orin bí oyin inú agolo. Oníṣẹ́ wá, ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ó gbowó, ó ní àwo ló ti gbó. Mo gbà á gbọ́! Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, gé kíkùn náà kúrò. 60 hertz ni iná ibí, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan; ìsàlẹ̀ ohùn níbẹ̀ ni kíkùn iná máa ń wà, ibẹ̀ ni mo sì gé. Ó dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó gbé alfaia lọ. Alfaia ni ìlù ńlá tí wọ́n ń fi okùn fà nínú maracatu, orin àti ijó àwọn ará Recife, ìsàlẹ̀ yẹn náà ni ohùn ìlù ọ̀hún wà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ maracatu Recife ló so mọ́ ilé òrìṣà, ìlù yẹn ni etí mi ń wá ṣáájú gìtá. Gìtá Lúcio Maia nìkan ló wá ń han gooro. Odindi alẹ́ mẹ́rin ni mo fi ń gé e, tí mo ń dá a padà.

Lálẹ́ karùn-ún, mo yí ẹ̀rọ padà láti nu eruku. Waya tín-ín-rín kan ń mì dirodiro lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti dúdú. Waya áàtì ni, èyí tó ń dènà kíkùn iná. Mo ha ẹnu rẹ̀ mọ́, mo dè é mọ́ nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn amplifier, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Kíkùn pa lọ́lọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é!

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ yín kí ẹ tó pe oníṣẹ́, ẹ má sì gé ohùn ìsàlẹ̀ àwo yìí. Nígbà tí mo tún gbé “A Cidade” sí i, tí ìlù wọlé, ife omi orí tábìlì mi ń gbọ̀n.