Bí mo ṣe fi ìṣirò dín ìdúró àwọn aláìsàn kù ní ilé ìwòsàn

Iṣẹ́ tó wà níwájú mi ni láti mọ ohun tó ń mú kí àwọn aláìsàn jókòó láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kí wọ́n tó rí dókítà. Ilé ìwòsàn ìjọba ni, dókítà mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹnu gbogbo èèyàn kò ju pé dókítà ò tó. Àmọ́ nínú operations research, ìyẹn ìmọ̀ tó ń fi ìṣirò wá bí iṣẹ́ ṣe lè lọ geere, a kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé láìwọn àkókò.

Mo lẹ ìwé péńpé mọ́ káàdì aláìsàn kọ̀ọ̀kan, àyè márùn-ún sì wà lórí rẹ̀: ìgbà tó dé, ìgbà tí káàdì jáde, ìgbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ìgbà tó wọlé tọ dókítà, ìgbà tó jáde. Aago kan náà ni kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń kọ ọ́ máa wò. Bí aago méjì bá yàtọ̀ síra, ẹ ó rí aláìsàn tó ti dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kí káàdì rẹ̀ tó jáde. Bí gbogbo àkókò bá ń parí sí 0 tàbí 5, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jókòó kọ ọ́. Ẹ má lò ó.

Òfin tí John Little, onímọ̀ operations research, fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1961 ni mo fi yẹ àkójọ náà wò: iye èèyàn tó ń dé ní wákàtí kan, ní ìlọ́po iye wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò, ni iye èèyàn tó wà nílẹ̀. Bí aláìsàn 12 bá ń dé ní wákàtí kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń lo wákàtí 4, èèyàn 48 ló yẹ kó wà nílẹ̀. Ẹ wọ gbọ̀ngàn lọ kà wọ́n, kí ẹ yọ àwọn tó sin aláìsàn wá kúrò. Bí iye náà bá fi púpọ̀ ju 48 lọ, ìwé kan ń sọnù níbì kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ká ní dókítà kan ń lo ìṣẹ́jú 10 fún aláìsàn kan, ní ìpíndọ́gba, tí ó sì ní ìlà tirẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí fún ìdá 80 nínú 100 àkókò rẹ̀, aláìsàn á dúró fún ìṣẹ́jú 40. Bó bá di 90, ìṣẹ́jú 90 ni. Bó bá di 95, ó ti di 190! Ìdí ni pé àwọn aláìsàn kì í dé létòlétò, àìsàn wọn kò sì gba àkókò kan náà: mẹ́sàn-án lè lo ìṣẹ́jú 6, kí ẹnì kan lo 46, ìṣẹ́jú 10 náà ni ìpíndọ́gba wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí dókítà má sinmi rárá, aláìsàn ló ń fìyà jẹ.

Mo pa ìlà mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan. Dókítà tó bá ṣófo ni ẹni tó kàn ń wọlé tọ̀. Nípa ìṣirò ìlà tí Erlang, onímọ̀ ìṣirò ará Denmark, gbé kalẹ̀, ìṣẹ́jú 90 yẹn á wálẹ̀ sí bíi 27, láìfi dókítà kan kún un. Àwọn tó ní dókítà tó mọ àìsàn wọn tẹ́lẹ̀ nìkan ni mo yọ sọ́tọ̀.

Ìyẹn ò tíì yanjú ti òwúrọ̀. Nítorí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gba nọ́ńbà àkọ́kọ́, gbogbo wọn ń dé lẹ́ẹ̀kan náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní 1952, Norman Bailey, onímọ̀ ìṣirò, dábàá pé kí a pe aláìsàn méjì sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí a sì máa pe ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé e bí àkókò ìpíndọ́gba bá ṣe ń pé. Mo tún un ṣe, mo pín ọjọ́ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, dókítà mẹ́ta lè rí èèyàn 9, èèyàn 6 tó ń padà wá ni mo fún ní àkókò, àyè tó kù sì wà fún àwọn tó bá yọjú lójijì. Ètò yìí kì í dúró bí dókítà bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀; wákàtí kan tó bá sọnù láàárọ̀ kì í padà títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Bí ìlà dókítà bá ti yá, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, torí ibẹ̀ ni èrò máa ń ṣí lọ. Ẹ fi àyè kẹfà kún ìwé péńpé náà.