Ọwọ́ òkú nínú abọ́ ẹmu

Ẹ̀yin ará Adó àti Ìkéré tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe Halloween, ọdún ìdẹ́rùbani àwọn òyìnbó, ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà, ẹ má wulẹ̀ náwó sórí ọtí aláràbarà. Ẹ rọ sobo sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ jẹ́ kó dì ní fírísà, kẹ́ ẹ wá gbé e sínú abọ́ ẹmu. Bó ṣe ń yọ́, pupa á máa ṣàn láti ìka sínú ẹmu funfun bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ se ìṣápá pupa tẹ́ ẹ fi ṣe sobo náà kó ki dáadáa, torí sobo tó ṣàn kì í hàn. Ìbọ̀wọ́ tí kò ní páúdà nínú ni kẹ́ ẹ fọ̀ lò, ẹ má sì rọ ọ́ kún dẹ́nu. Ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti gbé e sí fírísà. Ẹ kúkú mọ ìwà iná wa. Àlùmọ́gàjí ni kẹ́ ẹ fi gé rọ́bà náà kúrò, bẹ́ ẹ bá fà á, ìka á kán. (Èyí tó bá kán, ẹ jù ú sí i, ó tún bani lẹ́rù ju odidi lọ!) Ibi tó ti ṣòro ni ẹmu: ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ adẹ́mu, èyí tó bá sùn mọ́jú á ti kan. Ti àwọn ọmọdé, omi àgbọn ni kẹ́ ẹ lò.