Bí mo ṣe ń ṣa fíìmù ọdún kan fún òru méje Kérésì

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Kérésì dé, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó, àwọn ti Àbújá, èyí tó ń kàwé n'Ílọrin, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Àǹtí, kí la fẹ́ wò lọ́dún yìí?" Nínú agbo ilé wa ní Kàbà, láti alẹ́ ọjọ́ kejì Kérésì títí di alẹ́ ọjọ́ kìíní ọdún, a máa ń ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun mọ́ ògiri ilé bàbá wa, a tan jẹnẹrétọ̀, a gbé pirojẹ́tọ̀ sórí àga, a wo fíìmù kan lálẹ́ kan. Òru méje, fíìmù méje, gbogbo wọn láti inú ọdún kan ṣoṣo. Èmi ni mo máa ń ṣà wọ́n. Àwọn kan ti ní kí n kọ bí mo ṣe ń ṣe é sílẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n fi ti ọdún 2023 ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí a wò ní Kérésì 2024.

Ẹ ó rí i pé odidi ọdún kan ti gorí rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ fíìmù tó yẹ ní wíwò nínú ọdún kan, kó jẹ́ kí ọdún náà tutù ná.

Ọjà ló kọ́ mi. Láti 1998 títí di 2009, mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń yá àwọn èèyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò, nígbà tó yá ó di síídì. Àwọn àgbà kan nígboro ṣì ń pè mí ní Ìyá Fídíò títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mílíìkì àti ṣúgà ni mò ń tà báyìí. Mo ní ìwé kan tí mo fi ń kọ orúkọ ẹni tó gbé kásẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tó gbé e lọ, àti ọjọ́ tó dá a padà. Tí fíìmù tuntun bá ti Ìdúmọ̀tà dé, gbogbo ayé ní í gbé e lọ́sẹ̀ kìíní. Ìyẹn ò sọ nǹkan kan fún mi, pósítà ló ń tà á. Oṣù kẹta ni mò ń dúró dè. Ta ló tún padà wá gbé e? Àwọn kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọn kì í sùn ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á ti wò wọ́n títí tí ìlà funfun á máa sá káàkiri ojú àwòrán, síbẹ̀ ìyá alákàrà ẹ̀gbẹ́ mi á ní òun ò bìkítà, kí n ṣáà gbé e fún òun. Àwọn mìíràn tí pósítà wọn tóbi bí ìlẹ̀kùn, kí Àjíǹde tó dé eruku á ti bò wọ́n lórí pẹpẹ.

Ẹ wá wo 2023. Ẹni tó bá ti ka fíìmù ọdún náà tán ní oṣù Kọkànlá ti pàdánù. Ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ni A Tribe Called Judah tí Funke Akindele ṣe wọ sinimá. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní 2024, ó ti di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Ọjọ́ 15 yẹn náà ni Breath of Life dé orí Prime Video, ibi tí èèyàn ti ń sanwó wo fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi ti Netflix. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Oṣù Karùn-ún 2024 ni wọ́n tó fún un ní àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ ní AMVCA, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ Africa Magic. Ti òkè òkun ńkọ́? Mo ti kọ Dune: Part Two sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àwọn òṣèré Hollywood wá daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Keje di oṣù Kọkànlá, ni wọ́n bá sún fíìmù náà di oṣù Kẹta 2024. Mo fagi lé e. Ó ti di ará ọdún mìíràn.

(Ọ̀rọ̀ ọdún tí wọ́n ń ka fíìmù sí yìí máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Fíìmù lè lọ sí àjọ̀dún fíìmù lókè òkun lọ́dún kan, kí àwa tó rí i ó ti di ọdún kejì. Èmi ò ka ti àjọ̀dún. Ọjọ́ tí ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ lè rí i wò ni mò ń kà.)

Ìwé ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe orí. Mo máa ń fa ìlà mẹ́ta sójú ìwé: owó, àmì-ẹ̀yẹ, ẹnu. Fíìmù tó pawó ní sinimá á lọ sábẹ́ owó. Èyí tí àwọn onídàájọ́ mú á lọ sábẹ́ àmì-ẹ̀yẹ. Èyí tí àwọn èèyàn ṣì ń sọ á lọ sábẹ́ ẹnu. Orúkọ tó bá wà lábẹ́ méjì nínú mẹ́ta kì í sábà já mi kulẹ̀. Mi ò ń kọ ju ogún lọ, torí ẹni tó bá kọ ọgọ́rùn-ún kò tíì ṣa nǹkan kan.

Owó àti àmì-ẹ̀yẹ rọrùn, ẹ ó rí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí kan. Ẹnu ló gba sùúrù. Ibi tí wọ́n ti ń dirun ni mo ti ń rí tèmi, àti ibi tí a ti ń kọ́ orin fún Máàsì, àti inú mọ́tò Ìyàrà tó bá kún. Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ó dùn?" Kò sí ẹni tó máa ní fíìmù tí òun fi wákàtí méjì wò ò dùn. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Sọ ibì kan fún mi nínú rẹ̀." Tó bá ní, "Háà, ó dùn gan-an, ẹ ṣáà wò ó," mi ò kọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá gbé kóòmù sílẹ̀, tó dìde, tó ń fi ọwọ́ ṣe bí òṣèré náà ti ṣe é, mo ti ń wá bírò nìyẹn. Jagun Jagun dé orí Netflix ní oṣù Kẹjọ 2023. Lóṣù Kọkànlá ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, dúró níwájú igi máńgòrò wa, ó na ọwọ́ sí i, ó ń pàṣẹ fún un bí Gbọ́tìjà, ọmọkùnrin inú fíìmù náà tí igi máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Igi ò gbọ́. Ó tún pàṣẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rí tí mo nílò nìyẹn.

Tírélà fíìmù, fídíò kúkúrú tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀, ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Kì í ṣe tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń ti Obajana bọ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà wọn jọra: ariwo wọn pọ̀, ẹ ò sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn. Ní Kérésì 2019, tírélà ìṣẹ́jú méjì ni mo wò tí mo fi mú fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan. Mi ò wo odidi rẹ̀. Òru kejì, gbogbo ilé ti jókòó, bàbá kátíkíìsì tó ń gbé lójúlé kejì wa lórí àga iwájú, fìlà lórí, ẹ̀pà sísè lọ́wọ́. Kí fíìmù tó lo ogójì ìṣẹ́jú, tọkọtaya kan wọ yàrá, wọn ò sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ kámẹ́rà. Mo sáré lọ pa jẹnẹrétọ̀. Mo ní epo ló tán. Àwọn ọmọ mọ̀ pé irọ́ ni, torí èmi náà ni mo rán wọn lọ ra epo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára, ó ní ó dàárọ̀.

Láti ìgbà yẹn, mo máa ń dá wo fíìmù tán pátá fúnra mi. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbé ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ bá Màmá.

Màmá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọmọ Ògìdì n'Íjùmú, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Aṣọ ló hun láyé rẹ̀. Kò mọ orúkọ òṣèré kankan, kò sì fẹ́ mọ̀. Fíìmù ọba ayé àtijọ́ kan wà nínú ogún tí mo kọ sílẹ̀ (mi ò ní dárúkọ rẹ̀). Olorì jáde, ó ró aṣọ òkè tó ń dán yanranyanran. Màmá na ìka: "Dá a dúró." Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó mú un súnmọ́ ojú, ó tún mú un jìnnà. Ó ní aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán pọ̀ ni, òfì ọkùnrin ni wọ́n fi hun ún, ìyẹn ò burú, àwọn ará Ìsẹ́yìn ló ni ín. Tiwa tí obìnrin ń hun lórí òfì tó dúró mọ́ ògiri máa ń fẹ̀. "Ṣùgbọ́n òwú tó ń dán yìí, mo ti wà nílé ọkọ kí n tó fojú rí i. Ọba wo ló rí i rà kí òyìnbó tó dé?"

Ẹ lè ní ọ̀rọ̀ òwú kéré. Mo ti kíyè sí i pé ẹni tí kò bìkítà nípa aṣọ ọba, kì í bìkítà nípa ọ̀rọ̀ ẹnu ọba náà. A ò tíì dé ogún ìṣẹ́jú tí Kábíyèsí ti ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Èkó tó ń ta káàdì. Mo fagi lé e. Ẹ wá tiyín rí: nọ́ọ̀sì tó máa pariwo tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ síbi tí kò yẹ, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, mẹkáníìkì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kan dé ìdí ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe ẹni tó ti wo fíìmù púpọ̀.

Màmá náà ló jẹ́ kí Mami Wata wọlé. Pijin ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, Màmá ò gbọ́ Pijin. Dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀, àwọn ọmọ sì ti ń kùn pé fíìmù ayé Nóà. Màmá wò ó kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó tẹjú mọ́ ìlà funfun tí wọ́n fà sójú àwọn obìnrin náà, ó bi mí pé ta ló kùn wọ́n. Wọ́n ti fún obìnrin ará Brazil tó ya àwòrán náà, Lílis Soares, ní ẹ̀bùn ní àjọ̀dún fíìmù Sundance l'Amẹ́ríkà nítorí iṣẹ́ yẹn. Màmá ò mọ ìyẹn.

Tí ẹ bá ti ní bíi mẹ́wàá tó dára, ẹ yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. The Black Book dára. Bàbá tó ń gbẹ̀san ọmọ ni. Jagun Jagun, ọmọ tó fẹ́ gbẹ̀san bàbá. Ẹ̀san kan tó fún ọ̀sẹ̀ kan, mo mú èyí tó ń sọ Yorùbá. Oppenheimer gba Oscar méje, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta gbáko ni, ẹnu sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìyẹn nínú ọyẹ́, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo. Mo dá a wò lórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Bí mo ṣe tò wọ́n nìyí. Òru kìíní, A Tribe Called Judah: ìyá kan, ọmọkùnrin márùn-ún, bàbá kálukú láti ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Agbo ilé tó ní àna Ebira, Igala àti Ìgbò ò nílò àlàyé. Òru kejì, Jagun Jagun, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé má bàa sùn. Òru kẹta, Godzilla Minus One láti Japan, tó gba Oscar nítorí ọgbọ́n àwòrán rẹ̀. Ọmọ kan ló ń ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sókè fún àwọn àgbà, ó sì ń fi tirẹ̀ kún un. Ẹ̀kẹrin, Mami Wata. Ẹ̀karùn-ún, Gangs of Lagos, lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé ti sùn, torí ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ bí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe bínú nítorí bí wọ́n ṣe lo Ẹ̀yọ̀ nínú rẹ̀. Nílé wa, ìlú tó ṣì ní egúngún, a jiyàn lórí ìyẹn di aago kan òru, mo sì gbádùn iyàn náà ju fíìmù lọ. Ọjọ́ 31 a tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí ìsìn àìsùn: Ìjọ̀gbọ̀n ti Kunle Afolayan, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tó rí dáyámọ́ńdì lábúlé. Ọjọ́ kìíní ọdún, Breath of Life.

Ẹ dáńlóòdù wọn níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára kẹ́ ẹ tó wálé, ṣùgbọ́n ẹ má tètè jù: fíìmù tí ẹ bá dáńlóòdù ní ọjọ́ tó máa kú, àwọn mìíràn ò sì ju wákàtí méjìdínláàádọ́ta lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ so fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín mọ́ pirojẹ́tọ̀ lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ rí i pé àwòrán jáde. Ó lè jẹ́ pé ohùn nìkan ni ẹ máa gbọ́, kí ojú aṣọ dúdú kirikiri. Ẹ so òkúta mọ́ etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Ti àwọn tó ń fi Bluetooth pín fíìmù jíjí, ẹ má bá mi sọ ọ́. Irú wọn ló pa ṣọ́ọ̀bù mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní ọdún, mo lọ kan ilẹ̀kùn bàbá kátíkíìsì fúnra mi. Mo ṣàlàyé fún wọn: àlùfáà kan n'Íbàdàn tí ikú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ mú kó bínú sí Ọlọ́run, àti ọmọkùnrin kan tó wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n wá. Wọ́n jókòó sórí àga iwájú bí tẹ́lẹ̀, wọn ò jẹ ẹ̀pà lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó tètè dìde. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tún un dé, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ìyá Fídíò," wọ́n ní, "epo ò tán lálẹ́ òní?"